Tí ìlú bá fa omi odò, kí ló kù fún odò? Ìjà ilé kan ní Ṣábẹ, ní ilẹ̀ Benin

Ọmọ Òkè Ṣábẹ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Nílé wa ní Ṣábẹ, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, kànga á gbẹ, pọ́ǹpù àdúgbò á máa tu atẹ́gùn dípò omi. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú gbé páìpù ńlá sínú odò Ouémé kí gbogbo ìlú sinmi. Bàbá mi kékeré, tí wọ́n jẹ́ apẹja, ní ọjọ́ tí páìpù bá wọ odò ni odò kú, pé ká lọ wo ohun tí ìlú Parakou fi ojú odò Okpara rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìranù ni, pé òkun ni gbogbo omi yẹn ń ṣàn lọ, òkun ò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún omi. Àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ta ló jàre? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn, nọ́ńbà ni mo fẹ́.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Nọ́ńbà lo fẹ́, gbà. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 87,177 ní gbogbo kọmúùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Ṣábẹ. Ká ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo lítà 50 lóòjọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì rí lò rí. Ó di nǹkan bí mítà kúbù 4,360 lóòjọ́. Lítà 1,000 ni mítà kúbù kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tánkì dúdú tí wọ́n ń gbé sórí ilé. Tí o bá pín in sí ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan, lítà 50 ni odò á máa bu fún ìlú ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán tòru.

Ní oṣù kẹsàn-án tí Ouémé bá kún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kúbù ló ń gba abẹ́ afárá Ṣábẹ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bu lítà 50 nínú ìyẹn, odò ò ní mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ jàre fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin lọ́dún.

Oṣù kẹta ńkọ́? Ní ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, omi ò ṣàn mọ́ rárá ní ìhà ọ̀dọ̀ yín. Ibú kọ̀ọ̀kan tó dá dúró síhìn-ín sọ́hùn-ún ló kù, àpáta àti yanrìn ló wà láàárín wọn. Láti inú àwọn ibú yẹn ni lítà 50 yóò ti máa jáde. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ìlú ń fẹ́ omi jù, torí kànga ti gbẹ. Bàbá rẹ kékeré ló wá jàre fún àwọn oṣù yẹn.

Iye tí wọ́n bù kọ́ ni ìjà yìí. Oṣù tí wọ́n bù ú ni.

———

Ọmọ Alákétu:

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn baba wa kì í fi odò ṣeré báyìí. Nígbà tí ètùtù dúró ni odò bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Ọmọ yìí ní ká má fi òwe ṣe é, ẹ sì ti gbé òwe dé. Èmi ò bá ètùtù jà. Ṣùgbọ́n Ouémé kò gbàgbé orísun. Òkè Tánéká lẹ́bàá Djougou ló ti ń bọ̀, ó sì ń rin nǹkan bí kìlómítà 510 kó tó dé adágún Nokoué. Ilẹ̀ tó ń gbà kọjá ló ń mú un gbẹ. Láti òkè títí dé Ṣábẹ, àpáta líle ló wà lábẹ́. Ẹ̀yin náà rí àwọn òkè gbàǹgbà tó yí Ṣábẹ ká, irú òkúta kan náà ló lọ sísàlẹ̀. Òkúta bẹ́ẹ̀ kì í mu omi òjò pamọ́ kó wá máa tú u sínú odò díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi inú pàlàpálá rẹ̀ nìkan ló ní, ìyẹn náà ló fà á tí ẹ fi lè gbẹ́ fọ́ràjì, ìyẹn kànga ẹ̀rọ, kí ẹ má sì rí omi nínú rẹ̀. Òjò bá dá, odò dá. Kí páìpù kankan tó dé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kétu yín yàtọ̀. Ilẹ̀ pupa tó nípọn lẹ wà lé, omi wà nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n ó jìn gan-an. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ Kétu, ẹ jẹ́ kí n parí ti Ṣábẹ ná.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́ (ó ń bá a lọ):

Lórí ẹja, torí ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ẹja á kàn lúwẹ̀ẹ́ lọ síbòmíràn. Níbo? Nígbà tí odò bá já sí ibú-ibú, inú àwọn ibú yẹn ni gbogbo ẹja tó kù ń farapamọ́ títí òjò fi máa dé. Irúgbìn odò nìyẹn. Àrọ̀ lè fara da ẹrẹ̀ díẹ̀, ó ń mí afẹ́fẹ́ òkè. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn yòókù ò lè fara dà á. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ò ní fi pọ́ǹpù síbi tí kò jìn, ibú tó jìn jù lọ ni á wá. Ẹ fi pọ́ǹpù síbẹ̀ oṣù méjì, omi á lọ sílẹ̀, yóò gbóná, atẹ́gùn inú rẹ̀ á dín kù, ẹja á sì bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó. Wàhálà náà kò mọ sí ẹ̀ẹ̀rùn yẹn nìkan. Tí òjò bá dé tí omi gun etídò, ẹja tí kò sí kò lè yé ẹyin.

Ẹ tún wo ohun tó ń wọ inú odò lákòókò náà. Aṣọ fífọ̀, ọ̀ṣẹ, màlúù tó ń mu omi tó sì ń yàgbẹ́ síbẹ̀, oògùn òwú tí atẹ́gùn gbé wá. Omi púpọ̀ máa ń pò ó dà nù. Tí omi bá dín kù ní ìdajì, ìdọ̀tí kan náà ti di ìlọ́po méjì lójú omi tó kù, ìlú á sì tún fa èyí náà wọ páìpù, á wá da àpò oògùn lé e lórí kó tó ṣeé mu.

———

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Parakou:

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bú lókè yẹn. Mò ń mu omi Okpara, n kò kú. Bàráàjì Kpassa tó sé Okpara ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ẹ sọ fún bàbá wa pé tí kò bá sí bàráàjì yẹn, Parakou ò ní omi. Ṣé ká wá kó gbogbo ìlú kúrò ni?

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kó kúrò. Ìkànìyàn 2013 rí ènìyàn tó lé ní 255,000 ní Parakou, láti bí àádọ́ta ọdún wá sì ni bàráàjì yẹn, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dáàmù, ti ń bọ́ ìlú náà. N kò lè pe ìyẹn ní aburú.

Ohun tí bàbá yín rí ni kí ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wò. Wọ́n ní bàráàjì gbẹ Okpara. Ní oṣù kẹta, irọ́ ni, torí Okpara máa ń gbẹ lóṣù kẹta kí bàráàjì tó wà. Ibi tí bàráàjì ti ń mú nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni òjò àkọ́kọ́. Adágún tó ti fà sẹ́yìn ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún kí omi tó fò kọjá. Òjò oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún ń rọ̀ lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń retí omi, omi ò dé. Omi àkọ́kọ́ yẹn ló máa ń gbá ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà inú odò lọ, òun ló sì ń fún ẹja ní àmì pé àsìkò ẹyin ti tó. Tó bá pẹ́, àsìkò ẹja náà bà jẹ́. Apẹja á rí i kí onímọ̀ tó rí i. Kó tó dé ìhà Ṣábẹ, Okpara ti tẹ̀ lé ààlà Nàìjíríà wá, ó ti kọjá Kábùà, omi ẹ̀gbẹ́ mìíràn sì ti wọ inú rẹ̀. Nítorí náà èmi ò ní di gbogbo ẹ̀bi náà lé bàráàjì kan ṣoṣo lórí.

Nǹkan kejì wà nínú adágún náà fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ ń kún un. Oko òwú yí i ká, òjò ń wọ́ ajílẹ̀ àti oògùn wọlé, ewéko ojú omi sì ń fi ajílẹ̀ yẹn sanra. Ẹ ti rí bó ṣe máa ń bo ojú omi bí ẹní. Ewéko kú, ó jẹrà, ó jẹ atẹ́gùn inú omi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń mu ún lẹ̀ ń san owó oògùn ìfọmi. Ẹni tó ń dáko dé etí omi gan-an ń ba omi yín jẹ́ ju apẹja èyíkéyìí lọ, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Parakou bínú sí i.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Ó wá ku "òkun ò bẹ ẹnikẹ́ni fún omi". Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn ènìyàn, òun náà ló ń bí mi nínú jù, torí ìsàlẹ̀ odò yẹn ni mò ń gbé.

Omi Ouémé kì í kàn gba ojú kan wọ òkun bí páìpù. Tó bá kọjá Bonou, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń tẹ́ sí: Adjohoun, Dangbo, Aguégués, títí dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Nokoué. Láti oṣù kẹjọ dé oṣù kọkànlá ni omi ń bo ilẹ̀ yẹn. Ẹja ń wọ inú koríko lọ yé ẹyin. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbẹ́ kòtò gígùn sílẹ̀ láti ayébáyé, tí wọ́n ń pè ní whedo, tí omi bá ń lọ ẹja á há síbẹ̀, wọ́n á sì kó o nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹrẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, àgbàdo àti ata sí. Ata tí ẹ̀ ń rà ní ọjà Wàǹdó, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ agbègbè yẹn sínú ìwé àdéhùn Ramsar, tó wà fún ààbò ilẹ̀ olómi káàkiri ayé.

Iyọ̀ ńkọ́? Ọdún 1885 ni wọ́n la ọ̀nà omi Kùtọ̀nú sínú òkun. Láti ìgbà yẹn, Nokoué ní ìwà méjì: omi dídùn nígbà tí Ouémé bá kún, omi iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò ló ń ti òkun sẹ́yìn. Bí agbára odò bá dín, iyọ̀ á wọlé síwájú, á sì pẹ́ kó tó jáde. Lódì kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń pa edé fẹ́ràn iyọ̀, torí iyọ̀ ló ń mú edé wọlé. Apẹja àrọ̀ àti apẹja edé ò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan tàn yín pé gbogbo apẹja ń sọ ohun kan náà.

Kùtọ̀nú gan-an kì í mu omi odò. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń fà á, ní Godomey, nítòsí Nokoué. Àwọn tó ń ṣọ́ omi ibẹ̀ ti rí i pé bí wọ́n ṣe ń fà á tó ni iyọ̀ adágún ń sún mọ́ kànga. Ẹ wá rí i pé ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ odò kò bọ́. Omi ilẹ̀ àti omi odò, ọ̀kan náà ni wọ́n nísàlẹ̀ ọ̀hún.

———

Ìyá Ìbejì, Kilibo:

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ ẹja. Èmi ń jí ní agogo mẹ́rin òru lọ tò sẹ́yìn pọ́ǹpù. Ọmọ mi obìnrin ń pẹ́ dé ilé ìwé torí omi. Ẹ ní ká má fi páìpù sínú odò kí àrọ̀ lè bímọ? Ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ń dà wéréwéré nílé yín ní Àjàṣẹ́ lẹ lè sọ irú ẹ̀.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ tọ̀nà láti bínú, n kò sì tako páìpù. Páìpù ni mo fi ń jẹun.

Àwọn tó ń fi omi odò ìgbà àtijọ́ yangàn máa ń gbàgbé sòbìà. Àwọn tó dàgbà níbí rántí ẹsẹ̀ tó wú, kòkòrò tí wọ́n ń fi igi ká jáde díẹ̀díẹ̀, àgbẹ̀ tí kò lè dé oko lásìkò ìkórè. Omi adágún tí a ń mu láìsẹ́ ló fà á. Ọdún 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Benin, omi mímọ́ sì wà lára ohun tó lé e lọ. Ẹni tó bá ní kí ìlú máa mu ibú bó ṣe wà, kó kọ́kọ́ wá bá àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ní àpá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n fà á nígbà tó pọ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí kò sí. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún Ṣábẹ. Ẹ̀ẹ̀rùn ọjọ́ 150, mítà kúbù 4,360 lójúmọ́, ó jẹ́ 654,000. Ká gbẹ́ adágún ẹ̀gbẹ́ odò tó jìn ní mítà márùn-ún. Oòrùn àti ọyẹ́ lè mu bí mítà kan nínú rẹ̀ kí òjò tó dé, ó ku mẹ́rin tó wúlò. Ilẹ̀ tó nílò tó nǹkan bí hẹ́kítà 16 ààbọ̀. Láti fi ọgọ́ta ọjọ́ ìgbà ìkún-omi kún un, nǹkan bí lítà 160 ni pọ́ǹpù á máa fà ní ìṣẹ́jú àáyá. Odò tó ń gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà kúbù kọjá lákòókò yẹn kò ní fura. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pọ́ǹpù odò á wà ní pípa, àwọn ibú á wà fún ẹja, ìyá á sì rí omi.

Ó máa wọ́n ju kí wọ́n kàn ju páìpù sínú ibú. Ibẹ̀ ni ìjà tòótọ́ máa wà, torí ẹni tó ń wá àdéhùn iṣẹ́ máa ń mú èyí tó pọ́ọ́kú lọ sọ́dọ̀ ìjọba, á sì fi iye rẹ̀ ṣe gbogbo àlàyé.

———

Ará Èkó:

Adágún tí ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ yẹn, ẹ ti wo Ọ̀yán?

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu bà á. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, kó lè fún Èkó àti Abẹ́òkúta ní omi. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó dúró jẹ́ kí ìgbín omi kéékèèké pọ̀ sí etí adágún, àwọn ìgbín yẹn ló ń gbé kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, àtọ̀sí ajá. Àwọn abúlé tí wọ́n ṣí nípò torí dáàmù ni àrùn náà mú jù, pàápàá àwọn ọmọdé tó ń wẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé Èkó ń gba omi, àwọn tó gbé ẹ̀gbẹ́ adágún ṣì ń pọnmi nínú adágún náà.

Nítorí náà, ti Ṣábẹ, kí ògiri adágún dúró gbọnrangandan, kí koríko má sí létí rẹ̀, kí wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, kí ẹ̀rọ omi àkọ́kọ́ sì wà ní abúlé tó sún mọ́ ọn jù lọ kí páìpù tó dé ààrin ìlú. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í wọ́n, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń gbàgbé.

———

Ọmọ Òkè Ṣábẹ:

Ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi ní gbogbo eléyìí, ìṣòro àwa aláìní ni, pé àwọn òyìnbó ń fa odò wọn kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ka ọ̀rọ̀ Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1913 ni ìlú náà ṣí ọ̀nà omi tó gùn ju kìlómítà 370 lọ láti odò Owens. Kó tó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, adágún Owens ti gbẹ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ di iyẹ̀pẹ̀ oníyọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé wọ imú àwọn ará ibẹ̀, ìlú náà sì ti ná ju bílíọ̀nù dọ́là kan lọ láti fi pa eruku yẹn. Ní 1941 wọ́n nawọ́ sí àwọn odò tó ń wọ adágún Mono. Ní bí ogójì ọdún, omi adágún náà fà sẹ́yìn ní nǹkan bí mítà 14, iyọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, erékùṣù tí àwọn ẹyẹ ń pa ẹyin sí sì so mọ́ ilẹ̀, ẹranko ẹlẹ́ran wá ń rìn lọ jẹ ọmọ ẹyẹ. Àwọn ará àdúgbò pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní California dá wọn láre ní 1983, ní 1994 sì ni àjọ tó ń bójú tó omi ní ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ iye omi tí ìlú gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn odò yẹn. Òùngbẹ ò pa Los Angeles. Wọ́n dín omi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń jẹ kù, wọ́n dí ibi tó ń jò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti jíjò kún un, iṣẹ́ mi ni. Ìlú kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí páìpù abẹ́ títì ń tu omi láti ìgbà tí wọ́n ti rì í. Koríko tútù yọ̀yọ̀ lójú títì nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wa ń rí i. Wọ́n wá ń bèèrè pọ́ǹpù tó tóbi sí i. Omi tí wọ́n fẹ́ lọ fà lódò ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Ẹnì kan béèrè bóyá ìlú ló ń mu odò jù àbí oko. Ìṣirò kékeré kan. Ìrèké fẹ́ omi tó tó mílímítà 1,500 ó kéré tán lọ́dún, òjò Ṣábẹ lé díẹ̀ ní 1,000. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 400 ló kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ bomi rin. Lórí hẹ́kítà kan, mítà kúbù 4,000 nìyẹn. Ẹni tó ń lo lítà 50 lóòjọ́ ń lo mítà kúbù 18 lọ́dún. Hẹ́kítà ìrèké kan ṣoṣo ń mu omi ènìyàn tó lé ní igba, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. N kò ní kí wọ́n má gbin ìrèké. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe ìpàdé lórí omi odò, tí wọ́n pe apẹja àti ìyá tó ń pọnmi, tí olóko ńlá ò sí níbẹ̀, ìpàdé yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Omi tí ń jáde nílé ńkọ́? Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún omi tó wọlé ló ń jáde padà ní ìdọ̀tí. Nígbà tí ìyá ń ru omi lórí, kò pọ̀, iyanrìn ẹ̀yìnkùlé ń mu ún. Tí ẹ̀rọ bá ti dé, ó di gọ́tà, gọ́tà a sì máa wọ odò. Ilé tí wọ́n ti ń fọ omi náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀, ẹrẹ̀ tí álọ́ọ̀mù, oògùn ìfọmi, kó jọ sísàlẹ̀ àgbá. Mo ti rí ibi tí wọ́n kàn ń ṣí i sínú odò, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí àwọn obìnrin ń fọṣọ. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n á sá a sí ni wọ́n nílò.

———

Ọmọ Alákétu:

Ẹ ní ẹ máa padà sórí Kétu.

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Mo ti dé. Àwọn àgbà Kétu mọ̀ pé omi jìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò pamọ́ fún omi òjò. Páànù ti sọ ọ́ di ohun ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí omi òrùlé dà nù. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun kan, ìyẹn mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú, ni lítà kan. Òrùlé 60 mítà onígun, òjò mílímítà 1,000 lọ́dún, ìdá kan nínú márùn-ún dà nù, ó ku lítà 48,000. Ilé ènìyàn mẹ́jọ tó ń lo lítà 20 lórí kọ̀ọ̀kan fún mímu àti sísè ń lo 160 lójúmọ́. Àgbá símẹ́ǹtì lítà 10,000 á gbé wọn fún oṣù méjì nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tí ó le jù yẹn ni ibú Ouémé náà ń wá ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku òrùlé dà nù kí ẹ tó darí rẹ̀ sínú àgbá, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.

———

Ọmọ Òkè Ṣábẹ:

Bàbá mi kékeré ti ka gbogbo rẹ̀, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kí n béèrè: tí ìpàdé bá wáyé ní kọmúùnù, kí ni kí àwọn sọ?

———

Oníṣẹ́ Páìpù, Àjàṣẹ́:

Kí wọ́n má lọ sọ pé odò á kú. Wọ́n á kàn fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Kí wọ́n béèrè oṣù tí pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ àti oṣù tí yóò wà ní pípa. Kí wọ́n béèrè bí omi ṣe gbọ́dọ̀ ga tó nínú ibú kí pọ́ǹpù tó dúró, ta ló sì máa pa á. Tó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ ni yóò pa á, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òfin wà lẹ́yìn wọn. Òfin àyíká 98-030 ti ọdún 1999 ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ṣe fún àyíká wò, ABE, ilé iṣẹ́ ìjọba Benin fún ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń bójú tó ìyẹn. Òfin omi 2010-44 wà fún bí a ṣe ń pín omi láàárín gbogbo ẹni tó ń lò ó. Kí wọ́n ní kí wọ́n ka ìwé àyẹ̀wò náà sí wọn létí ní èdè Ṣábẹ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n lè ní kò sí owó ògbufọ̀. Ìwọ ti ń kà á sí wọn létí lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́bàá afárá, kí wọ́n ri òpó ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn lè kà, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀, kí wọ́n sì lẹ nọ́ńbà náà mọ́ ògiri ọ́fíìsì méèrì. Bàbá rẹ kékeré wà létí omi yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí wọ́n fún wọn níṣẹ́ náà, kí wọ́n sì san owó rẹ̀.